Bàtà eré sísá lọ́dọ̀ Alfa ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́: ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò

Tíṣà eré ìdárayá ni mí nílé-ìwé girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ tó ń sáré ni mo sì ń bójú tó jù. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ láti sáré níbí mọ̀ pé bàtà ni wàhálà wa. Ojúlówó kánfáàsì eré tó jẹ́ tuntun, owó rẹ̀ ti kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ òbí lè san. Ayédèrú kún ọjà, àwọ̀ rẹ̀ ń dán, orúkọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ó wúwo, kì í sì í pẹ́ tó fi máa ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù fún wa ni òkìríkà tó ń ti òkè òkun wọlé nínú béèlì. Àwọn tó ń tà á pọ̀. Alfa kan wà lágbègbè Tákìé tó yàtọ̀ sí gbogbo wọn, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi. Kì í bèèrè pé nọ́ńbà mélòó lẹ ń wọ̀. Ó máa ní kí ẹni tó fẹ́ wọ bàtà jókòó, kó bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí òun wo ẹsẹ̀ náà ná.

Àtẹ náà kò tóbi. Páànù ló fi bo orí rẹ̀, ó na tapólì síwájú nítorí oòrùn, bẹ́ńṣì kan ṣoṣo ló wà fún oníbàárà. Àwọn bàtà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde ló so kọ́ síta. Kánfáàsì eré kì í sí níta rárá, inú àpò méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, ẹ ní láti sọ pé eré lẹ fẹ́ fi sá kó tó tú wọn. Iṣẹ́ ṣúmékà ló ti ń ṣe kó tó di ẹni tó ń ta bàtà, ó sì hàn nínú bó ṣe ń di bàtà mú. Á ká a láti iwájú, á lọ́ ọ, á fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ìsàlẹ̀, á gbé e kalẹ̀ lórí pákó kó wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ó dúró tàbí ó ti dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí bàtà bá ti dagun, kò ní fún ọmọ tó ń sáré, bó ti wù kí owó rẹ̀ wọlé tó.

Mo mú ọmọ kan lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń sá 1,500 mítà. Ọmọ náà ga, ojúgun rẹ̀ gùn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ kéré, òkè lẹ́bàá orúnkún ni gbogbo rẹ̀ kó jọ sí. Alfa ní kó dúró sórí àpò ìrẹsì tó tẹ́ sílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó wo gìgísẹ̀ méjèèjì. Ó ní kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kó tún rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, kó tún un ṣe. Ó wá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì di iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ọmọ náà mú.

"Àǹtí, ẹ fọwọ́ kan ibí. Ọmọ yìí ò ní ẹran lẹ́sẹ̀, iṣan ló ní. Ibí yìí ni eré wà."

Mo sọ fún un pé mo ti rí i tipẹ́. Inú mi dùn gidigidi pé ẹlòmíràn tún rí i. Ohun tí ọkùnrin yìí mọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra bàtà eré mọ̀ ọ́n.

Ẹran méjì ló wà lẹ́yìn ojúgun. Èyí tó wà lókè ni a ń rí tó ń yọ nígbà tí èèyàn bá nàró lórí ìka ẹsẹ̀, orí méjì ló ní. Èkejì fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, abẹ́ ti àkọ́kọ́ ló sá pamọ́ sí. Àwọn méjèèjì ló para pọ̀ nísàlẹ̀ di iṣan kan ṣoṣo tó so mọ́ egungun gìgísẹ̀. Òun ni iṣan tó nípọn jù, tó sì lágbára jù nínú gbogbo ara ènìyàn, gígùn rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lára àgbàlagbà. Nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ nínú eré, ara á tẹ̀ wálẹ̀, iṣan yìí á nà. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ gbéra, á sún kì, á sì dá púpọ̀ nínú agbára tó gbà padà. Ní ọdún 1987, R. McNeill Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò rẹ̀ fún ọkùnrin tó ń sáré mítà 4.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú agbára tó ń wọlé tó ń jáde lára ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń gbà pamọ́, kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń gba nǹkan bí ìdá 17. Ìyẹn ni pé ó lé ní ìdajì tí ẹran ara kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pèsè. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ mi lórí pápá títí tí wọ́n á fi lè sọ ọ́ fún mi padà.

Gígùn gìgísẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Láti kókósẹ̀ dé ibi tí iṣan yẹn wà lẹ́yìn, àyè rẹ̀ kì í dọ́gba lára gbogbo wa. Bí àyè yìí bá gùn, iṣan kò ní láti fà púpọ̀ kó tó gbé ara sókè. Bó bá kúrú, ó ní láti fà gan-an. Ẹnikẹ́ni lè rò pé èyí tó gùn ló máa wúlò fún eré, nítorí pé òun ló rọrùn. Ṣùgbọ́n iṣan tí a bá fà gan-an ló ń nà gan-an, èyí tó bá sì nà gan-an ló ń ní agbára púpọ̀ tó máa dá padà. Ní 2008, Scholz àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí wọn ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin asáré 15 tí wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, wọ́n ní kí wọ́n máa sá kìlómítà 16 láàárín wákàtí kan lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń wọn ọ́síjìn tí wọ́n ń lò. Àwọn tí àyè ẹ̀yìn kókósẹ̀ wọn kúrú ni ọ́síjìn tí wọ́n lò kéré jù, ìyàtọ̀ náà sì hàn gedegbe. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania rí i pé àyè yìí kúrú lára àwọn asáré ọ̀nà kúkúrú náà ju ti àwọn tí kì í sáré lọ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn sì gùn jù.

Mi ò ní jẹ́ kí òbí kankan tìtorí èyí fi rúlà wọn gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀ kó wá sọ fún un pé kò lè sáré. Nígbà tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ àwọn àgbà asáré ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n mọ ọ̀nà jíjìn sá, àyè ẹ̀yìn kókósẹ̀ tiwọn gùn ju ti àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé. Ohun tí wọ́n ní ni iṣan tó gùn àti ẹran tó kúrú lókè rẹ̀. Ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà ṣe ẹsẹ̀ pọ̀. Egungun, a ò lè fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gé e kúrú, àmọ́ iṣan ń gbọ́ràn: fífo okùn, gígun òkè, fífi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbéra pẹ̀lú ẹrù lérí, gbogbo ìwọ̀nyí ń mú kó le sí i bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Alfa ti wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ mú ọmọ odó ní ìdí, kí ẹ máa fì í síwá sẹ́yìn, kí ẹ tún wá mú un láàárín. Ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wúwo sí lọ́wọ́ kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ṣe rí. Ìbàdí ni ẹsẹ̀ ti ń fì, nítorí náà ohun tó bá wúwo nísàlẹ̀, lọ́rùn ẹsẹ̀ àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, ń gba agbára ju ohun tó wúwo níbi itan. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọmọ tí mo mú lọ yẹn fi dára fún ọ̀nà jíjìn: ẹran rẹ̀ wà lókè, ìsàlẹ̀ fúyẹ́. Bàtà wá ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwádìí ti fi hàn lóríṣiríṣi pé bí a bá fi gíráàmù 100 kún bàtà kọ̀ọ̀kan, ọ́síjìn tí asáré ń lò máa fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 pọ̀ sí i. Ní Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fi ìwọ̀n pamọ́ sínú bàtà àwọn asáré láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, wọ́n ní kí wọ́n sá 3,000 mítà. Gíráàmù 100 lórí bàtà kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ìdá 0.8 nínú 100 dín eré wọn kù. Fún ọmọ tó ń sá 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bí irú ìdá bẹ́ẹ̀ bá kúrò, ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀ ni. Ìyẹn lè jẹ́ ipò kejì àti ipò karùn-ún.

Alfa kò ní òṣùwọ̀n. Obìnrin tó ń ta tọ́kì àti ẹja dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ní, èyí tó ń kọ nọ́ńbà síta. Wọ́n jọ ní àdéhùn. Ẹ mú ọ̀rá tó mọ́ lọ́wọ́, ẹ fi bàtà sínú rẹ̀, ẹ bẹ ìyá náà dáadáa, ẹ má sì lọ nígbà tí èrò bá pọ̀ níwájú rẹ̀. Nínú bàtà mẹ́ta tí Alfa yọ fún ọmọ mi, tí nọ́ńbà wọn dọ́gba, èyí tó wúwo jù jẹ́ gíráàmù 345, èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ 210. Lójú lásán, èyí tó wúwo yẹn ló lẹ́wà jù, òun ni ọmọ náà sì nawọ́ sí. Ìwọ̀n ló yí ọkàn rẹ̀ padà.

Mo ní àríyànjiyàn kan pẹ̀lú Alfa, mo sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó máa ń bu omi sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, á ní kó tẹ páálí, á wá wo àpá rẹ̀. Bí àárín bá ṣófo, kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ jìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá hàn, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Àmọ́ ó máa ń fẹ́ fi ìyẹn nìkan yan bàtà, kó ní ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ wọ èyí tó le lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dán èyí wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́: wọ́n fi àpá ẹsẹ̀ yan bàtà fún apá kan, wọ́n fún apá kejì ní oríṣi bàtà kan náà láìwo ẹsẹ̀ wọn. Ìfarapa wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹsẹ̀ tó dúró lórí páálí kọ́ ni ẹsẹ̀ tó ń sáré. Nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, mo máa ń ní kí ọmọ wọ bàtà náà, kó sáré dé ibi gọ́tà kó padà, kó sọ èyí tó tù ú lẹ́sẹ̀ jù. Alfa ti wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí fún àwọn ẹlòmíràn, mo rí i.

Kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Awọ líle kan ló nà láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, òun ló di kòtò náà mú. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ká sókè nígbà tí ẹsẹ̀ fẹ́ kúrò nílẹ̀, awọ náà á le, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ á dúró gírígírí kó lè ti ilẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ bá wú, gbogbo òwúrọ̀ ni gìgísẹ̀ ń dunni. Ohun tó ṣe Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ó bẹ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà fún un pé kí wọ́n fún òun ní sípáíkì, bàtà eré tó ní ìṣó nísàlẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì fún un ní èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sá ọ̀nà jíjìn. Òun ló wọ̀ ní Eugene ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún náà tó fi sá 100 mítà onígi ní 12.12, tó di ẹni tó yára jù láyé nínú eré náà. Àwọn kan ní bàtà ni. Mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ ló ní irú bàtà bẹ́ẹ̀ tí wọn kò sá 12.12. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe, tó wo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílò lásìkò yẹn kó tó yan bàtà, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa ṣe nìyẹn.

Gíga gìgísẹ̀ bàtà ni ohun kejì tí mo máa ń kíyè sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kánfáàsì eré ni gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bíi mìlímítà 8 sí 12 ga ju iwájú lọ. Bó bá ti ga, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kì í nà jù, orúnkún ló ń gba púpọ̀ nínú iṣẹ́. Bó bá pẹlẹbẹ, iṣẹ́ náà á padà sọ́dọ̀ iṣan àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Alfa fẹ́ràn àwọn tó pẹlẹbẹ, ó sì fẹ́ fún ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ mi tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń gan láàárọ̀. Mo ní rárá, kó fún un ní èyí tó ga díẹ̀ ná, tó bá yá a ó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́, kò bínú, ó tú àpò kejì.

Ní ti owó, bí mo ṣe ń kọ èyí, kánfáàsì eré tó dára wà láàárín ₦12,000 sí ₦30,000 lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ná an. Ó máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tó bá mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé ni, pàápàá bí ẹ bá ra ju méjì lọ. Kì í kọ rìsíìtì, bàtà tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í padà. Nọ́ńbà 37 àti 38 ṣọ̀wọ́n, nítorí bàtà ọkùnrin ló pọ̀ nínú béèlì, èyí sì ń dun àwọn ọmọbìnrin mi. Ohun tí mo kórìíra jù ni pé ó máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fóòmù mìíràn sínú bàtà tó ti gbó kó lè rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀n nìyẹn ń fi kún un, kò sì dá ẹ̀mí fóòmù ìsàlẹ̀ padà. Ẹ ní kó yọ ìtẹ́nú bàtà síta, kí ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Bí kò bá jin, tàbí tó jin tí kò padà, ó ti kú, bó tilẹ̀ ń dán. Bàtà tó ti pẹ́ nílé ìkẹ́rùsí lè dà bíi tuntun kó sì ti gan.

Láìpẹ́ yìí, àwọn onífóòmù gíga tó ní awo káábọ̀n nínú ti ń bọ́ sínú béèlì, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH sì ti ń wá wọn kiri. Wọ́n ń dín agbára tí asáré ń ná kù lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn irú rẹ̀ ní Colorado, ó dín in kù ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Ojú títì ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Láti oṣù Kọkànlá 2024, òfin àgbáyé kò gba bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ju mìlímítà 20 lọ lórí pápá fún eré sísá kankan, àwọn wọ̀nyí sì máa ń sún mọ́ 40. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ sá eré fún ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi òun nìkan ṣe ìdánrawò.

Ọmọbìnrin yẹn gbé gíráàmù 210 lọ sílé ní ₦18,000. Mo ní kó máa fi rìn, kó máa fi sá kúkúrú, títí tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á fi mọ́ ọn lára. Ó ti ń fi sá odindi eré báyìí, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó yára, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í pariwo mọ́lẹ̀ mọ́ bí ó bá ń kọjá lọ́dọ̀ mi.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú béèlì. Ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń palẹ̀ àtẹ mọ́ títí wọ́n á fi kírun tán. Ẹ mú ọmọ náà dání, ẹ má gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Bí èrò bá pọ̀ níwájú Alfa, ó lè fẹ́ kan na bàtà sí yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó dúró títí tó fi máa ráyè wo ẹsẹ̀.